IṢẸ́ TÍ ÌWÉ KÒ KỌ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ìgbà tí àwọn akọ̀wé bá wọ ọ́fíìsì ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni alákàrà ti lọ ẹ̀wà, tí ó sì ti gbé agbada kaná. Alájàpá ti wà nínú ọkọ̀ tí ń ti oko bọ̀, ó jókòó sáàárín àpò gàrí àti agbọ̀n ata. Alábàárù ti ru ẹrù ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí ń lẹ táyà sì ti tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní etí títì. Nígbà tí akọ̀wé bá fi máa jókòó ti tábìlì rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ti fún un ní oúnjẹ, wọ́n ti gbé e dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì ti rán bàtà tí ó wọ̀ lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá yẹ gbogbo ìwé ìjọba wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a má rí orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn níbẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé òun ni ó gbé apá tí ó tóbi jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ró. Iṣẹ́ tí ènìyàn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, tàbí tí ó ń bá ẹlòmíràn ṣe láìsí ìwé àdéhùn. A kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kò ní owó oṣù tí ó dájú. Kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú: iṣẹ́ tí ìwé kò kọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí òfin kọ̀. Olè kì í ṣe iṣẹ́, òwò fàyàwọ́ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òwò àkàrà. Gbangba ni obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ jókòó sí, tí ó ń fi ohùn rara polówó ọjà rẹ̀. Kò sá fún ìwé. Ìwé ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kò ka irú iṣẹ́ yìí sí rárá. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹnikẹ́ni ní ìlú ńlá tí kò bá gba owó oṣù ní ilé-iṣẹ́ tàbí lọ́dọ̀ ìjọba, aláìníṣẹ́lọ́wọ́ ni. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Keith Hart lọ gbé ní àdúgbò Nima ní ìlú Accra, ní ilẹ̀ Gánà, láàrin ọdún 1965 sí 1968, ó sì rí i pé àwọn tí à ń pè ní aláìníṣẹ́ níbẹ̀ kò fi ìgbà kan dẹwọ́. Ẹni tí ó ṣọ́dẹ ní òru ń ta ọjà ní ọ̀sán. Ẹni tí ń gba owó oṣù kékeré tún ń ránṣọ ní ìrọ̀lẹ́ kí oúnjẹ lè tó. Ó ṣe àlàyé ohun tí ó rí fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1971, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1973. Láàrin àkókò kan náà, ní ọdún 1972, Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìròyìn kan jáde lórí ilẹ̀ Kẹ́ńyà, èyí tí ó sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwọn ará Kẹ́ńyà tilẹ̀ ní orúkọ fún un. "Jua kali" ni wọ́n ń pè é ní èdè Swahili, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ oòrùn mímú, nítorí pé abẹ́ oòrùn gangan ni àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn mẹkáníìkì wọn ti ń ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà náà wá ni a ti ń gbìyànjú láti ka àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1918 kò sí ẹni tí ó mọ iye wọn. Ní ọdún 2018, Àjọ Àgbáyé tí a ti dárúkọ yìí sọ pé wọ́n tó ènìyàn bílíọ̀nù 2 káàkiri ayé, èyí tí ó lé ní 60 nínú gbogbo òṣìṣẹ́ 100. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n lé ní 85 nínú 100. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá to òṣìṣẹ́ ogún sí ìlà kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, mẹ́tadínlógún nínú wọn ni ìwé kò mọ̀. Bákan náà ni a rí i ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ètò ìṣirò tún iye ọrọ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà mú jáde ní ọdún 2013 ṣírò. Ìṣirò ti tẹ́lẹ̀ fi í sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù náírà 42. Èyí titun sọ pé ó tó tírílíọ̀nù 80. Kò sí ẹni tí ó hú wúrà jáde lóru. Lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni pé a ka ohun tí a kì í kà dáadáa tẹ́lẹ̀: tẹlifóònù alágbèéká, eré sinimá, àti ọ̀pọ̀ òwò àti iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn oníṣirò lọ wádìí ní ibi púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé ó ń ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè ṣe. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláṣẹ kan a máa ráhùn pé àwọn oníṣòwò wẹ́wẹ́ ti pọ̀ jù, pé alárinnà lásán ni wọ́n, tí wọ́n kàn ń mú kí ọjà wọ́n. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ P. T. Bauer wádìí ọ̀ràn náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì fi hàn nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1954 pé àṣìṣe ni àwọn aláṣẹ náà ń ṣe. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Àpò ìrẹsì kan ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ńlá wá. Ẹni tí ó rà á ní odindi tú u, ó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà. Ẹni tí ó ra kóńgò tún fi àgolo mílíìkì wọ̀n ọ́n ní àdúgbò. Alágbàṣe tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti àgolo méjì lọ sì ti ipa bẹ́ẹ̀ rí ìrẹsì gbé kaná ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá sí oníkóńgò àti alágolo, ẹni tí ó lè ra odindi àpò nìkan ni ìbá máa jẹ ìrẹsì. Bí wọ́n ti ń tú ọjà ká, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kó o jọ. Nígbà tí à ń kó ekuro lọ sí òkè òkun, ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó pa á ní ìwọ̀n agbọ̀n kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Alájàpá kan rà á lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá, alájàpá mìíràn rà á lọ́wọ́ alájàpá mẹ́wàá, títí ó fi di ẹrù tí ó kún inú ọkọ̀ ojú omi. Òtítọ́ ni pé bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹni tí ń ra àgolo kọ̀ọ̀kan ń san ju ẹni tí ó ra àpò lọ. Ìyẹn jẹ́ ìyà fún tálákà. Ṣùgbọ́n àìlówó lọ́wọ́ ni ó fa ìyà náà. Alágolo kọ́ ni ó dá a sílẹ̀.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ tí ìwé ìjọba kò kọ kì í ṣe iṣẹ́ tí kò ní òfin. Ẹni tí ó bá wọ ọjà Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ariwo àti rúdurùdu ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá dúró díẹ̀, yóò rí i pé alátà ní ìsọ̀ tirẹ̀, aláṣọ ní ìsọ̀ tirẹ̀, ẹlẹ́ja kò sì pa tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlẹ́lùbọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí àti ọjọ́ ìpàdé. Ó ní owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá bú ẹlòmíràn tàbí tí ó bá já oníbàárà gbà. Ó sì ní owó tí í dá fún ẹni tí ó bímọ tàbí tí ó ṣòfò. Ìyálọ́jà ni ó wà lórí gbogbo wọn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ni olóyè tí ń rí sí ọ̀ràn òwò láti ayé àtijọ́. Àwọn àgbà rí i pé ẹni tí ó dá nìkan wà nínú òwò kì í pẹ́ ṣubú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń wí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Òfin kan náà ni ó wà nínú iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí a bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, káfíńtà, onídìrí tàbí mẹkáníìkì, àwọn òbí rẹ̀ ni yóò bá ọ̀gá ṣe àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí. A ó sọ iye ọdún tí yóò fi kọ́ iṣẹ́ náà àti iye owó tí a ó san. A ó sì mú onígbọ̀wọ́ wá. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ máa gbálẹ̀, yóò máa pọnmi, yóò máa gbé irin-iṣẹ́ fún ọ̀gá. Lẹ́yìn èyí ni a ó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan iṣẹ́ kékeré, títí yóò fi lè dá èyí tí ó le ṣe. Ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a péjọ, ọ̀gá a gbàdúrà fún un, a ó fún un ní ìwé ẹ̀rí, òun náà yóò sì ṣe àpèjẹ. Kò sí owó ìjọba nínú gbogbo ètò yìí, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí kò rí ilé-ìwé gíga wọ̀ ti rí ohun tí wọ́n fi di ènìyàn.

Ohun kẹta ni ọ̀ràn owó. Ilé ìfowópamọ́ ńlá kì í fẹ́ yá ẹni tí kò ní ilé tàbí ìwé ilẹ̀ ní owó. Àwọn baba wa ti ní ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí èyí kí ilé ìfowópamọ́ kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Èsúsú ni. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní ọdún 1952. Bí ènìyàn 12 bá dá èsúsú ₦10,000 lóṣooṣù, ẹnì kan yóò máa kó ₦120,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti yá owó láìsan èlé. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ti fi owó pamọ́ láìsí pé ọwọ́ ara rẹ̀ lè bà á jẹ́. Ohun tí ó dúró fún ìwé ilẹ̀ nínú ètò yìí ni orúkọ rere. Ẹni tí ó bá kó èsúsú tirẹ̀ tán tí ó sì sá, kì í tún rí ojú wo ẹnikẹ́ni ní ọjà náà mọ́.

Àjọ yàtọ̀ díẹ̀ sí èsúsú. Alájọ ni yóò máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́ láti gba owó, yóò sì máa sàmì sí káàdì tí ó ní ojú 31. Ẹni tí ó ń dá ₦500 lójúmọ́ yóò ti dá ₦15,500 nígbà tí káàdì bá kún. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, èyíinì ni ₦500, yóò sì kó ₦15,000 fún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó tí ìbá ti bọ́ sí ọ̀fun lójoojúmọ́ ni ó di owó ilé-ìwé ọmọ yìí. Àṣà èsúsú tilẹ̀ ré òkun kọjá pẹ̀lú àwọn tí a kó lẹ́rú. Ní erékùṣù Trinidad títí di òní, àwọn ènìyàn ń dá owó jọ ní irú ọ̀nà yìí gan-an, "susu" ni wọ́n sì ń pè é. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti inú èsúsú ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Níwọ̀n bí iṣẹ́ yìí ti ní òfin àti olórí tirẹ̀, kò yani lẹ́nu pé ìgbà púpọ̀ ni òfin ọjà àti òfin ìjọba ti forí gbárí. Ní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó-orí. Àlímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ní Èkó, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà. Ìjọba gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì gbé iye náà sókè láti £50 sí £200. Nígbà tí ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba tún fi iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, èyí tí ó kéré sí iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á láti oko. Àwọn obìnrin ọjà kọ̀. Ètò náà kò kẹ́sẹ járí. Nígbà tí ogun parí, a pa á tì.

Ti Abẹ́òkúta le ju ti Èkó lọ. Níbẹ̀, owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn ti dun wọ́n fún ọdún púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì jẹ́ kí obìnrin kankan jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ olùkọ́, darapọ̀ mọ́ àwọn obìnrin ọjà. Òun àti wọn di ẹgbẹ́ kan, àwọn tí ó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin ká, wọ́n sì ń kọrin. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ìparí ọdún 1950 ni ó tó padà. Ohun tí àwọn obìnrin náà ń wí kò ta kókó: ẹni tí yóò dá owó sí àpò ìlú, kí a jẹ́ kí ó mọ ohun tí a ń fi owó náà ṣe.

A kò gbọdọ̀ rò pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ní ilẹ̀ Túnísíà, ní ìlú Sidi Bouzid, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mohamed Bouazizi ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ta èso láti bọ́ ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ọjà rẹ̀. Ó lọ fi ẹjọ́ sùn, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ìbànújẹ́ mú kí ó dáná sun ara rẹ̀, ó sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìlú dìde, ìbínú náà sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2011, ààrẹ tí ó ti ṣe ìjọba fún ọdún 23 ti sá kúrò nílùú. Bí iṣẹ́ kékeré bá bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, a máa dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ó bà á jẹ́. Ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín, gbogbo ayé rẹ̀ ni.

Ẹni tí yóò dájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ gbọ́ ti apá kejì pẹ̀lú. Ní ọdún 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó ka ọjà títà ní ojú títì léèwọ̀. Ní ọdún 2016 ni gómìnà kéde pé òun yóò mú un lò gidigidi, àti pé ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ni yóò jìyà rẹ̀. Ìjọba ní ìdí. Ọjà tí ó bo ojú ọ̀nà ń dí ọkọ̀ lọ́nà, ọkọ̀ sì ń pa ọlọ́jà. Ìdọ̀tí ń dí gọ́tà, omi òjò a sì ya wọ ilé onílé. Láti inú owó-orí sì ni a ti ń rí owó ṣe ọ̀nà, tí a fi ń kọ́ ilé ìwòsàn. Àléébù mìíràn wà nínú iṣẹ́ tí ìwé kò kọ. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí ọmọdé tí ó gbé ọjà lérí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú kíláàsì. Nínú rẹ̀ ni ọ̀gá kan ti lè fi ìyà jẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Nínú rẹ̀ ni a ti ń ta ayédèrú oògùn, tí òǹtajà kan sì ń tẹ ìdí kóńgò sínú kí ó má bàa gba ẹrù púpọ̀.

Àléébù tí ó tóbi jù lọ ni pé kò sí ohun tí ó gbá òṣìṣẹ́ náà mú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Òjòjò oṣù kan lè jẹ owó tí ó fi ọdún mẹ́wàá kó jọ. Gbogbo ayé rí èyí ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé. Láti òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé, àṣẹ náà kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọjú títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Àṣẹ náà ní ìdí, nítorí pé ikú ni à ń sá fún. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba jókòó sílé, owó oṣù rẹ̀ wọlé. Onídìrí, télọ̀, onígbàjámọ̀ àti awakọ̀ jókòó sílé, wọ́n sì ń wo ìkòkò. Ẹni tí ń jẹ òòjọ́ kò lè kó ọ̀sẹ̀ márùn-ún pa mọ́. Nígbà tí a sì fẹ́ pín ìrànlọ́wọ́, a kò mọ ilé wọn, nítorí pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé. Ọjọ́ náà ni a mọ̀ pé àìsí nínú ìwé kì í ṣe ohun tí ó ń pa ìjọba nìkan lára. Ó ń pa òṣìṣẹ́ náà lára ju ìjọba lọ.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ìjọba mọ̀ ọ́n lò: kí a lé ọlọ́jà, kí a gba igbá rẹ̀, kí a bu owó lé e. Ó yẹ kí a wo ibi tí a ti lo ọwọ́ òsì. Ní ìlú Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1972, agbẹjọ́rò obìnrin kan tí ń jẹ́ Ela Bhatt kó àwọn obìnrin tí ń ta ọjà kiri àti àwọn tí ń ru ẹrù jọ di ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀, àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ni ó wà láìní ọ̀gá tí ó gbà wọ́n sí iṣẹ́? Àwọn obìnrin náà kò yẹsẹ̀, a sì kọ orúkọ wọn níkẹyìn. Ní ọdún 1974, àwọn 4,000 nínú wọn dá rupee 10 kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi dá ilé ìfowópamọ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 2014, ìjọba Íńdíà ṣe òfin fún àwọn tí ń tajà ní ìgboro: kí a kọ́kọ́ kà wọ́n, kí a sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, kí a tó lè lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tí ó wà; àti pé nínú ìgbìmọ̀ tí yóò pín àyè ọjà, ó kéré tán 40 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́jà fúnra wọn. Ohun tí òfin wí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn aláṣẹ ìlú ń ṣe ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó ní òfin lẹ́yìn ní ohun tí ó lè tọ́ka sí.

Ní Nàìjíríà náà, a ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ fi lọ́lẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tí ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, kí alátà àti télọ̀ lè máa fi díẹ̀ díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Ètò bẹ́ẹ̀ dára. Bí yóò bá gbilẹ̀, àfi kí ó gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ wọlé: ẹgbẹ́ ọjà, ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, ọwọ́ alájọ tí ń wá sí ìsọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá rí i pé orúkọ tí òun fi sílẹ̀ mú omi ẹ̀rọ, iná àti oògùn wá sí ọjà òun, kì yóò nílò ọlọ́pàá kí ó tó san owó-orí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò mú ohun mìíràn wá ju agbowó-òde lọ, ọgbọ́n ni ó lò tí ó fi orúkọ pamọ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí, owó ẹ̀kọ, owó epo pupa àti owó aṣọ rírán ni ó mú wọn débẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń tijú láti sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun ń ta ata, kí ó ṣírò iye ata tí ó wà nínú ìwé, nínú aṣọ ilé-ìwé àti nínú bàtà tí ó wọ̀; lẹ́yìn ìṣirò náà, ìtìjú yóò kúrò, ọpẹ́ ni yóò kù. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò di òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́la, àwọn ni yóò mú gègé dání tí wọn yóò sì ṣí ìwé. Kí wọ́n rántí nígbà náà láti kọ orúkọ àwọn tí ó rán wọn ní ilé-ìwé sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ibi tí ọlá wà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ tí ìwé kò kọ àti iṣẹ́ tí òfin kọ̀? Mú àpẹẹrẹ méjì méjì wá.
2. Ṣe àlàyé bí àpò ìrẹsì kan ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tí ó lè ra àgolo méjì péré.
3. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èsúsú àti àjọ. Èwo ni ìwọ yóò yàn bí o bá jẹ́ alátà, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Kí ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń bínú sí ní ọdún 1947?
5. Kọ àròkọ tí kò dín ní ojú ìwé méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Ó yẹ kí ìjọba lé àwọn tí ń tajà ní ojú títì." O lè gbà bẹ́ẹ̀, o sì lè ta kò ó, ṣùgbọ́n sọ ẹjọ́ àwọn méjèèjì kí o tó dájọ́.